Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹbí bá ní òun ń bọ̀ wá bá yín nílé nítorí ọmọ

Ní England, ọmọ ọdún 10 ti dàgbà tó ẹni tí ọlọ́pàá lè mú, tí wọ́n sì lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Bí wọ́n bá mú ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kó dáhùn ìbéèrè kankan láìsí lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni lọ́yà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ Youth Offending Team, àwọn tó ń bójú tó ọmọ tó bá rú òfin, tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ń pè ní Youth Justice Service báyìí. Òfin ọdún 1998 ló dá wọn sílẹ̀. Ọlọ́pàá wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n social worker àti òṣìṣẹ́ ìlera náà wà níbẹ̀. Wọ́n lè ní kí ẹbí yín gba ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Multisystemic Therapy, MST, tàbí Functional Family Therapy: méjèèjì ń bá gbogbo ẹbí ṣiṣẹ́ kí ìwà ọmọ lè yí padà. Kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló ní wọn, nítorí náà ẹ bèèrè.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í gbọ́. A rò pé wọ́n á mú ọmọ lọ, wọ́n á bá a wí, wọ́n á sì dá a padà ní ọmọlúàbí. Rárá o! Nínú MST, ẹ̀yin òbí gan-an ni wọ́n ń wá. Oṣù mẹ́ta sí márùn-ún péré ni therapist, òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ìtọ́jú náà, fi ń wà pẹ̀lú ẹbí. Bó bá lọ tán, ó ku ẹ̀yin àti ọmọ. Ilé yín ló máa wá, ìrọ̀lẹ́ pàápàá, torí ìdílé bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń bójú tó lẹ́ẹ̀kan. Bí wàhálà bá bẹ́ lóru, ẹ lè pè wọ́n. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìbéèrè rẹ̀ lè jọ àtojúbọ̀. Ta ni ọmọ ń bá rìn? Aago mélòó ló wọlé lánàá? Kí lẹ sọ, kí lòun fi dá yín lóhùn, ta ló kọ́kọ́ pariwo? Ẹ má bínú, ibi tí okùn ti ń já ló ń wá. Bó bá jẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ kò mọ̀ ló ń fa ọmọ, ó lè ní kí ẹ wá nọ́ńbà àwọn òbí wọn. Ó lè ní kí ẹ kọ òfin ilé sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọmọ máa rí gbà bó bá pa á mọ́. Bàbá tó máa ń sọ pé “ṣé kí n máa sanwó fún ọmọ mi kó tó gbọ́ràn ni?” kò wọ́n láàárín wa. Ẹ̀bùn náà kò ní láti jẹ́ owó, sà. Fóònù tó ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́ fún báyìí.

Kì í ṣe idán o. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní England pẹ̀lú ìdílé 684, tó jáde ní 2018, fi hàn pé MST kò dín iye ọmọ tí wọ́n mú kúrò nílé kù ju ìrànlọ́wọ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, èmi ò ní kọ̀ ọ́ bí wọ́n bá fi lọ̀ mí.

Ẹ bi therapist lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí ló gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ẹlòmíràn, torí bí ewu bá wà fún ọmọ, kò lè fi bò. Bí Gẹ̀ẹ́sì yín kò bá já gaara, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe ògbufọ̀: ohun tó bá wù ú ló máa túmọ̀.