Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń kó àkọsílẹ̀ láti inú áàpù kan bọ́ sí òmíràn

Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn oníṣòwò Lágere, ó ti wọ́pọ̀ kí àkọsílẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo fọ́n káàkiri: díẹ̀ wà nínú áàpù àkọsílẹ̀ Google Keep, díẹ̀ wà nínú òmíràn tí ń jẹ́ Evernote, orúkọ àwọn oníbàárà wà nínú Excel, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù sì wà nínú WhatsApp. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá rí áàpù àkọsílẹ̀ tuntun bí Notion tàbí Obsidian, yóò fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan, èrò náà sì dára. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí áàpù tuntun bá ti sọ pé òun parí, ohun gbogbo ti dé láìyingin. Àkọsílẹ̀ tí kò dé rárá kì í ṣòro mọ̀. Èyí tí ó dé pẹ̀lú àbùkù ni a kì í tètè rí.

Ibi tí ó ti ń dun àwa tí ń kọ Yorùbá jù ni tábìlì Excel. Bí ẹ bá tọ́jú tábìlì tí orúkọ bí Ẹniọlá tàbí Ọ̀ṣunlékè wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí CSV lásán (fáìlì ọ̀rọ̀ tí àmì kọ́mà pín òpó rẹ̀), lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ sábà máa ń di àmì ìbéèrè, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi dá wọn padà láti inú fáìlì náà mọ́. CSV UTF-8, tí ó wà nínú àkójọ irú fáìlì kan náà nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú u, ni kí ẹ yàn; UTF-8 ni ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tí ó gba àwọn lẹ́tà Yorùbá. Àbùkù kan wà tí ó jọ èyí ṣùgbọ́n tí kò burú tó o: fáìlì UTF-8 tí kò ní àléébù kankan lè fi áº¹ hàn níbi tí ẹ ti kọ ẹ, nítorí pé Excel ṣì í kà nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i. Ẹ má ṣe tọ́jú u bẹ́ẹ̀. Ẹ pa á dé, kí ẹ gba abẹ́ Data wọlé, kí ẹ yan From Text/CSV, kí ẹ sì tọ́ka sí UTF-8. Àwọn tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń tún lẹ́tà kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ba fáìlì tí ó dára jẹ́ ni.

Ohun kan tún wà lórí àmì abẹ́ lẹ́tà tí ojú kò lè rí. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o tí a so àmì ìsàlẹ̀ mọ́. Méjèèjì rí bákan náà, ṣùgbọ́n áàpù tí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n kò ní bá yín rí “Ọọ̀ni” bí ẹ bá wá a, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da oríkì kọ láti inú PDF, tí ó sì fi kíbọ́ọ̀dù fóònù kọ ìyókù, lè ní oríṣi méjèèjì nínú nóòtì kan. Kí ẹ tó kó o wọlé, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìrísí kan, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní NFC.

Nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ náà máa ń bàjẹ́ láìpariwo. Excel a máa yọ òdo iwájú kúrò, tí nọ́ńbà oníye 11 yóò fi ku 10. Èyí tí a bá fi 234 bẹ̀rẹ̀ lè di 2.34803E+12, bí ẹ bá sì tọ́jú u sí CSV bẹ́ẹ̀, àwọn nọ́ńbà ìyókù ti lọ nìyẹn. Ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó lẹ nǹkan sínú rẹ̀. Ní ti ọjọ́, 04/07/2023, tí ó jẹ́ oṣù Keje fún aláṣọ ní Lágere, yóò di oṣù Kẹrin lọ́wọ́ áàpù tí ó ń ka ọjọ́ bí ará Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí ó bá ju 12 lọ kì í yí báyìí, nítorí kò sí oṣù kẹtàlá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó bá wo ìlà méjì, tí ó rí i pé 25/07 dúró dáadáa, fi máa ń gbà pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Fún ẹni tí ń tajà àwìn, ìjà ni èyí ń dá sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní 2023-07-04 kí ẹ tó gbé e kúrò.

Bí a ṣe ń gba àkọsílẹ̀ jáde náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Fáìlì ENEX, èyí tí Evernote fi ń kó nóòtì jáde, kì í gbé orúkọ ìwé (notebook) tí àwọn nóòtì ti wá dání, nítorí náà ẹ kó ìwé kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi orúkọ ìwé náà sọ fáìlì. Google Takeout, ibi tí a ti ń gba àkọsílẹ̀ ẹni jáde lọ́wọ́ Google, ń fún yín ní HTML (ojú ìwé tí a lè kà) àti JSON (fáìlì tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà láti kà) láti inú Keep. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa JSON rẹ́ nítorí pé kò ṣeé kà, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ọjọ́ tí a kọ nóòtì wà, títí kan àmì tí ó ń fi nóòtì tí a ti jù nù hàn. WhatsApp, ní tirẹ̀, ní ààlà: ìfiránṣẹ́ 40,000 tí ó kẹ́yìn ni ó ń kó jáde láìsí àwòrán, 10,000 ni pẹ̀lú àwòrán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú fáìlì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ti gé kúrò.

Ẹ má ṣe kó fáìlì kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Iná Ifẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán. Bí ó bá lọ lágbede méjì, ohun tí ó máa ń wá síni lọ́kàn ni kí a tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú Notion, fífi CSV kún tábìlì tí ó ti wà a máa fi ìlà tuntun sí i ni, kò ní mọ̀ pé oníbàárà kan náà ni. Ẹ pa èyí tí ó dé ìdajì rẹ́ ná. Ẹni tí ń lo Notion lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì lè gbé fáìlì tí ó ju 5 MB lọ síbẹ̀, nítorí náà ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́nu bàbáláwo gbọ́dọ̀ ní ibòmíràn tí yóò wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìlera tí orúkọ àwọn aláìsàn wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kí ó tó gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan òun náà.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Evernote ti fi ààlà nóòtì 50 sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í sanwó, èyí sì ń mú kí àwọn ènìyàn kánjú pa àkáǹtì wọn rẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù jáde. Ẹ jẹ́ kí ó wà fún sáà ẹ̀kọ́ kan ó kéré tán, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì tí ẹ gbà jáde síbi tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn án. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ máa ṣí àwọn nóòtì tí ó le jù: èyí tí ó pẹ́ jù, èyí tí ó ní tábìlì, èyí tí ó ní àwòrán, àti èyí tí àmì ohùn pọ̀ nínú rẹ̀ jù, kí ẹ fi ti inú áàpù àtijọ́ wé e ní ìlà dé ìlà.