Iṣẹ́ tó yẹ kó máa tẹ̀ léra: ìbéèrè tí ẹ kì í yéé bi mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ JavaScript, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa ń gbé wá. Ẹ fẹ́ láíbìrì kékeré (kóòdù tí ètò mìíràn lè lò) tí ẹ máa to iṣẹ́ fún (gba fáìlì, ṣí i, kó o sínú dátábéèsì), kí òun fúnra rẹ̀ máa ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dáa. Ibi tó ti máa ń dàrú nìyí.

Gbogbo iṣẹ́ ló jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
`forEach` lo lò láti pe iṣẹ́ inú àtòkọ. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lo `for...of`, kí o fi `await` (dúró kó parí) síwájú ìpè kọ̀ọ̀kan.

Mo ti lò ó, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ṣì ń fi lélẹ̀.
`gbaFaili()` lo kọ sínú àtòkọ. Ó yẹ kó jẹ́ `gbaFaili`, tàbí `() => gbaFaili('owo.csv')`. Àkámọ́ yẹn ti pe iṣẹ́ kí láíbìrì tó débẹ̀. Ẹni tó ti wọ mọ́tò lọ, o tún ń sọ ìgbà tó máa kúrò nílé fún un.

Èsì iṣẹ́ àkọ́kọ́ di `undefined` lọ́wọ́ ìkejì.
O gbàgbé `return`, tó ń dá èsì padà, nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀kan kùnà, gbogbo tó kù ò ṣiṣẹ́ mọ́.
`iru = iru.then(ise)` lo kọ. `iru` ni Promise (ìlérí èsì tó ń bọ̀) ti iṣẹ́ tó kẹ́yìn, `ise` sì ni iṣẹ́ tuntun; bẹ́ẹ̀ ohun tó so mọ́ ìrù tó ti já, fífò ló máa fò ó. Kọ ọ́ báyìí:

`const esi = iru.then(ise); iru = esi.catch(() => {}); return esi;`

Ìlà àwọn iṣẹ́ á máa lọ, ẹni tó pe iṣẹ́ á sì rí àṣìṣe rẹ̀. Má fi `catch` òfìfo bo `esi` fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀, jọ̀ọ́.

Kò sí àṣìṣe kankan, ètò kàn parí lágbedeméjì.
Háà, èyí! Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo di ẹ̀bi ru íntánẹ́ẹ̀tì, mo di í ru fáìlì, mo pa Node (ohun tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mi) rẹ́, mo tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Kóòdù 0 ló ń fi jáde, bí ẹni pé gbogbo nǹkan dọ́ṣọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo wá ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa tẹ «bẹ̀rẹ̀» àti «parí» jáde. «Bẹ̀rẹ̀: ṣí fáìlì» jáde. «Parí» ò jáde.

Iṣẹ́ yẹn ló rí fáìlì mìíràn nínú fáìlì tó ń ṣí, ó tì í sórí ìlà kan náà, ó sì ń `await` rẹ̀. Fojú inú wo ẹni tó wà níwájú káńtà ní báńkì, tó ní òun ò ní kúrò àfi tí wọ́n bá dá ẹ̀gbọ́n òun lóhùn. Ẹ̀gbọ́n náà rèé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló tò sí! Promise tó ń dúró lásán kì í dí Node lọ́wọ́ láti parí. Tí kò bá ti sí fáìlì tàbí nẹ́tíwọ̀kì tó ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó ti pa ṣọ́ọ̀bù dé nìyẹn. Ìgbà tí mo fi `await` dúró de gbogbo ìlà náà, níta gbogbo function, nínú fáìlì `.mjs` (irú fáìlì JavaScript tó gba `await` níbẹ̀) ló tó fi kóòdù 13 jáde, tó sì kìlọ̀ pé `await` náà ò parí.

Àtúnṣe mi: iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìlà. Kó dá àtòkọ àwọn ọmọ rẹ̀ (iṣẹ́ tuntun tó bí) padà, kí láíbìrì fi wọ́n síwájú àwọn tó kù.

Mo fẹ́ kí sáfà mẹ́ta jọ máa lo ìlà kan.
Inú mẹ́mọ́rì ètò kan ṣoṣo ni àtòkọ rẹ ń gbé, àwọn sáfà yòókù ò lè rí i. Gbé e fún ẹni tó mọ dátábéèsì dénú, pàápàá tó bá jẹ́ owó oníbàárà ló ń gba ibẹ̀ kọjá.