Ẹ Má Sọ Pé Ohun Tó Wu Ọba Ló Ń Ṣe: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ìjọba Louis Kẹrìnlá

"Ìjọba, èmi gan-an ni." Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ àròkọ lórí Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní ọdún 1655 ló sọ ọ́ níwájú àwọn adájọ́ Paris, àmọ́ kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà náà tó gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ má ṣe pe parlement ní ilé aṣòfin. Orúkọ ló jọ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹjọ́ gíga ni parlement Paris, adájọ́ ló kún ibẹ̀, ará ìlú kò dìbò yan ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ni í kọ àṣẹ ọba sínú ìwé òfin, wọ́n sì lè kọ́kọ́ ṣàròyé lórí rẹ̀. Ní 1673, Louis ní kí wọ́n máa kọ ọ́ wọlé ná, kí wọ́n tó ṣàròyé. Estates General, ìpàdé àwọn aṣojú àlùfáà, ọlọ́lá àti ará ìlú, ló jọ ilé aṣòfin díẹ̀, lẹ́yìn èyí tí wọ́n pè ní 1614, ó di 1789 kí wọ́n tó tún pe òmíràn.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí a sọ pé ọba ló ń yan gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń lé ẹni tó bá wù ú. Rírà ni wọ́n ń ra ipò! Owó ni adájọ́ fi ra àga tó jókòó lé. Láti 1604, ẹni tó bá ń san paulette lọ́dọọdún, ìyẹn ìdá kan nínú 60 iye tí ipò rẹ̀ tó, lè fi ipò náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni fi ilé sílẹ̀. Bí ipò bá tó 60,000 livre (owó Faransé ìgbà náà), 1,000 livre ni yóò san lọ́dún. Owó yìí wúlò fún ọba, nítorí ogun ń jẹ owó. Àmọ́ tó bá fẹ́ gba ipò náà padà, àfi kó dá owó olówó padà, kò sì sí owó náà nílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń rán intendant lọ sí ìgbèríko, ajẹ́lẹ̀ tí kò ra ipò, tí ọba lè pè padà nígbàkigbà. Wọ́n kò ju nǹkan bí 30 lọ, nínú ilẹ̀ tó ní nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ènìyàn.

Ẹ má sì rò pé òfin kan náà ló de gbogbo ilẹ̀. Gabelle, owó orí iyọ̀, wúwo ní àyíká Paris, àmọ́ ará Bretagne, ẹkùn kan ní ìwọ̀ oòrùn Faransé, kì í san án rárá. Abájọ tí àwọn kan fi ń fi iyọ̀ ṣe fàyàwọ́ gba ẹnubodè Bretagne.

Yúróòpù kì í sì í ṣe Faransé nìkan. Àwọn ọlọ́lá Pólàǹdì ń dìbò yan ọba wọn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ́ orí Charles Kìíní ní 1649.

Louis kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1715. Ó ti kọ ìwé ìhágún tó fi dín agbára Philippe d'Orléans kù, ẹni tí yóò ṣe adelé fún ọba tuntun tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ní ọjọ́ kejì, parlement Paris pa ìwé náà tì, wọ́n gbé gbogbo agbára fún Philippe. Kí oṣù náà tó parí, Philippe dá ẹ̀tọ́ ìṣàròyé tí wọ́n pàdánù ní 1673 padà fún wọn.