Kọ̀ǹpútà Tó Takú Sójú Lógò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni láptọ́ọ̀pù náà. Iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú, pátákó òkú àti káàdì ìgbéyàwó ló ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Inú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà: fọ́tò olóògbé, orin ìsìn, orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ, títí kan iṣẹ́ tí oníbàárà ti gbà lọ tipẹ́. Kò lè pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́, torí ẹni tó sin bàbá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá lè yọjú láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìrántí ọdún kan ti dé, fọ́tò ọjọ́sí lòun tún fẹ́.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Tó bá tẹ bọ́tìnì, fáánù á dún, lógò ilé iṣẹ́ tó ṣe é á yọ, àwọn àmì funfun tóótòòtó tó máa ń yí po lábẹ́ lógò á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Wọ́n á yí, wọ́n á yí, wọ́n á wá dúró gbagidi. Ibẹ̀ ló máa wà títí ẹ fi máa tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ pa á. Ọjọ́rú ló pè mí, àìsùn òkú tó gba iṣẹ́ rẹ̀ sì di Ọjọ́ Ẹtì.

"Àbúrò, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níwájú wa ní kí n jẹ́ kóun fọ́máàtì ẹ̀, kóun nu gbogbo inú ẹ̀ dànù."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Fọ́tò bàbá tí wọ́n fẹ́ sin dà?"

"Inú ẹ̀ náà ni."

Mo wọ mọ́tò lọ bá a.

Ibi tí kọ̀ǹpútà bá ti takú ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, torí ibẹ̀ ló ń tọ́ka sí ẹni tó jẹ̀bi. Tójú rẹ̀ bá dúdú pátápátá, tó kàn ń ké píì-píì, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) tàbí nǹkan mìíràn lára bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lèèyàn máa fura sí. Tí lógò bá yọ, BIOS, ètò kékeré inú bọ́ọ̀dù tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ti jí nìyẹn, ó ń ka àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà wò. Tí àmì tó ń yí bá wá yọ lábẹ́ lógò, Windows ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ BIOS, ó ti ń kó ara rẹ̀ látinú háàdì dísìkì, ibi tí gbogbo fáìlì ń gbé, bọ́ sínú RAM. Ibi tí ti ẹ̀gbọ́n mi ń dé nìyẹn kó tó takú.

Mo kọ́kọ́ ṣe àwọn ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀. Mo yọ wáyà pírìntà, mo yọ màúsì, mo yọ fláàṣì tí oníbàárà kan gbàgbé sí i lára. Ẹ má fojú kéré fláàṣì o. Tí wọ́n bá ti ṣètò BIOS pé USB ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ó lè dúró síbẹ̀ kó máa wá Windows lára ohun tí kò ní Windows. Kì í ṣe ìyẹn ló ṣe eléyìí. Mo yọ ṣájà àti bátìrì (ohun tí mo fẹ́ràn lára láptọ́ọ̀pù àtijọ́ nìyẹn, bátìrì wọn ṣeé yọ láìlo skúrù), mo tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bíi 30 ìṣẹ́jú-àáyá kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè gbẹ, mo wá dá ṣájà nìkan padà. Ó takú. Mo tú ìdérí ẹ̀yìn, mo yọ RAM méjèèjì, mo fi ìrésà nu ẹnu aláwọ̀ wúrà tó ń wọ inú bọ́ọ̀dù, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣì takú.

Mo wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi pa fáánù òkè, kí wọ́n sì rọra dín rédíò kù. Háàdì láptọ́ọ̀pù yẹn wà lábẹ́ ibi téèyàn ń gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé. Mo gbé etí sí i. Háàdì tára rẹ̀ dá máa ń kùn wùùù, tó bá sì ń kàwé, ẹ máa gbọ́ tó ń dún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kò ní dọ́gba. Ohun tí mo gbọ́ ni: wùùù, kẹ́! Ó dákẹ́. Kẹ́! Ó tún dákẹ́. Àlàfo kan náà, ohùn kan náà. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó máa ṣẹ́jú ti là kalẹ̀ bíi ti ẹni tó rí ejò, kò pajú dé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Háàdì àtijọ́ kì í ṣe bí ike fláàṣì. Àwo pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀ tó ń yí, èyí tó pọ̀ jù nínú ti láptọ́ọ̀pù máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀ láìfara kan án, ó ń ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Àwo náà pín sí sẹ́kítọ̀ wẹ́wẹ́. Tí sẹ́kítọ̀ kan bá bàjẹ́, háàdì kì í tètè gbà pé òun ò lè kà á. Á tún un kà, á tún un kà, á tún un kà. Windows tó rán an níṣẹ́ á sì jókòó máa dúró dè é. Lójú wa, ẹ̀rọ ti kú. Lójú tirẹ̀, ó ń dúró de èsì. Tó bá wá jẹ́ pé orí sẹ́kítọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú fáìlì tí Windows nílò láti jí wà, ojoojúmọ́ ló máa máa takú síbì kan náà.

Ìdí tí mi ò fi gbà kí wọ́n fọ́máàtì nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni iwájú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe èèyàn burúkú, ó tiẹ̀ yá mi ní sukurudíráfà rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo àìsàn. Ó ní tí mi ò bá fẹ́ fọ́máàtì, kí n jẹ́ kóun ṣe chkdsk /r, àṣẹ Windows tó ń yẹ háàdì wò tó sì ń tún un ṣe. Mo kọ ìyẹn náà. Gbogbo sẹ́kítọ̀ ni chkdsk /r máa ń kà látòkè délẹ̀, ó sì tún máa ń kọ nǹkan sórí háàdì náà bó ṣe ń tún un ṣe. Ẹni tó ń mí gúlegúle kọ́ lèèyàn ń ní kó sáré. Ó wá dá a lábàá pé kí n kúkú fi Windows 11 sí i níwọ̀n ìgbà tí Microsoft ti pa Windows 10 tì láti October 14, 2025. Láptọ́ọ̀pù tí ọpọlọ rẹ̀ (processor) jẹ́ Intel ìran kẹrin ni! Ìran kẹjọ ni Windows 11 ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ó sì tún ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà. Mo kí i pé ó ṣeun.

Mo ti gbé fláàṣì 8GB kan dání látilé, mo ti fi ètò tó ń jẹ́ Rufus kọ Ubuntu sí i. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows ni Ubuntu. Ubuntu lè tàn látorí fláàṣì láìfọwọ́ kan Windows rárá, èyí ló sì jẹ́ kó dára fún irú àyẹ̀wò báyìí. Mo tan láptọ́ọ̀pù, mo ń tẹ F9 léraléra (lára òmíràn, F12 tàbí Esc ni), ó bi mí pé ibo ni kóun ti tàn, mo mú fláàṣì. Ó ṣe díẹ̀, Ubuntu yọ. Mo yan Try, mi ò fọwọ́ kan Install. Ìyẹn nìkan ti dá RAM, bọ́ọ̀dù àti ojú ẹ̀rọ láre.

Nínú ètò tó ń jẹ́ Disks, mo tẹ orí háàdì náà, mo ṣí SMART Data. Àkọsílẹ̀ tí háàdì ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀ ni. Ohun tó kọ sókè pa mí lẹ́rìn-ín: "Disk is OK, 1208 bad sectors". Ó sàn, àmọ́ ẹgbẹ̀fà egbò ó lé mẹ́jọ wà lára rẹ̀! Mi ò wo ti OK yẹn. Ìlà tó ní nọ́ńbà 5 ni mo wò, ìyẹn iye sẹ́kítọ̀ tó ti bàjẹ́ tí háàdì ti fi àwọn tó wà nípamọ́ rọ́pò: 1,120. Ìlà 197, èyí tí kò lè kà tí kò sì tíì rí rọ́pò: 88. Tí ìlà méjèèjì bá jẹ́ òdo, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí wọ́n bá kúrò ní òdo, tí wọ́n sì ń gòkè, ẹ wá háàdì mìíràn. Mo tún rí ìlà 9, iye wákàtí tó ti wà lórí iná: 19,462. Ẹni tó tà á fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìyá arúgbó kan ní London ló ni ín, pé lẹ́tà nìkan ló fi ń kọ. Tí ìyá yẹn bá ń lò ó ní wákàtí 8 lójúmọ́, á gbà á tó ọdún mẹ́fà àtààbọ̀. Lẹ́tà yẹn mà pọ̀ o.

Kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, mo wọ inú ibi tí iṣẹ́ Ọjọ́ Ẹtì wà, mo kó fódà náà sórí fláàṣì mìíràn. Fọ́tò bàbá ṣí dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, wọ́n gba fláàṣì, wọ́n sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wọn láti lọ parí rẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ béèrè bóyá láptọ́ọ̀pù máa yè.

Èyí tó kù ni gbogbo iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá. Háàdì náà jẹ́ 500GB. SSD (háàdì ìgbàlódé tí kò ní àwo tó ń yí) 512GB ni mo ní kí wọ́n rà, kì í ṣe 480GB tó pọ̀ lọ́jà, nítorí a fẹ́ da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà, èyí tí a ń dà á sí ò sì gbọdọ̀ kéré ju èyí tí a ń dà lọ. Mo so SSD mọ́ USB pẹ̀lú okùn SATA, ìyẹn okùn tó ń so háàdì mọ́ ojú USB, mo fi hotspot fóònù mi gba ètò ìkódà tó ń jẹ́ ddrescue wálẹ̀. Kópì lásán máa ń há tó bá pàdé sẹ́kítọ̀ tó bàjẹ́. Ddrescue á fo ibẹ̀, á kó gbogbo èyí tó rọrùn ná, lẹ́yìn náà ni yóò padà sí ibi tó le.

lsblk
sudo apt install gddrescue
sudo ddrescue -f -n /dev/sda /dev/sdc /media/ubuntu/MAP/hd.map

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà àkọ́kọ́. lsblk ló ń sọ èwo ni sda, èwo ni sdc, ẹ fi bí wọ́n ṣe tóbi tó dá wọn mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé wọn síra, òfìfo SSD lẹ máa dà lé iṣẹ́ ẹni lórí, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín kó o padà. Fáìlì hd.map náà gbọ́dọ̀ wà lórí fláàṣì ọ̀tọ̀, torí ohun tó bá wà lórí Ubuntu tó tàn látorí fláàṣì ń pòórá tí ẹ̀rọ bá ti kú. Ibẹ̀ ni ddrescue ń kọ ibi tó dé sí.

Ohun tó sì gbà mí nìyẹn. Wọ́n mú iná lọ lóru. Mo ti dá bátìrì láptọ́ọ̀pù yẹn padà, àmọ́ kò gbé e dé ibì kankan, ó kú fin-ín. Nígbà tí iná dé, mo tún tan Ubuntu, mo tún gba ddrescue, mo tún ṣe lsblk, torí orúkọ wọ̀nyẹn lè yí padà, mo wá tẹ ìlà kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ látibi tó dé. Nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ parí, mo fi -d -r3 rọ́pò -n kó lè padà sórí àwọn ibi tó fò, kó sì gbìyànjú wọn nígbà mẹ́ta sí i. Àwọn kan jọ̀wọ́ ara wọn. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ò tó nǹkan.

Yíyọ háàdì jáde ni kò le nínú gbogbo rẹ̀: skúrù mélòó kan, páánù pẹlẹbẹ tó gbé e ró, mo fi SSD sí ibẹ̀. Ó tàn. Àmì tó ń yí yí díẹ̀, Windows béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Orí SSD báyìí ni mo wá jẹ́ kí chkdsk ṣiṣẹ́ rẹ̀, mo sì fi sfc /scannow tẹ̀ lé e, ó rí fáìlì Windows kan tó ti bàjẹ́, ó tún un ṣe. CorelDRAW tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ṣí. Lára àwọn fọ́tò àtijọ́, a rí àwọn kan tí ìdajì wọn ti di eérú, àwọn tó bọ́ sórí sẹ́kítọ̀ tí kò yè nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn tó ni ín ní òmíràn nílé. Mo fi máákà kọ "ÒKÚ" gàdàgbà sára háàdì àtijọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e tà fún ẹlòmíràn.

Àṣẹ́kù kan ló wà. Gbogbo ìgbà tí a bá yọ ṣájà pa á, aago rẹ̀ ń padà sí ọdún àtijọ́, ìyẹn sì ń jẹ́ kí Gmail máa kọ̀ láti ṣí, torí ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ààbò ìkànnì náà kì í bá ti kọ̀ǹpútà mu. Bátìrì bọ́tìnì pẹlẹbẹ tó wà lára bọ́ọ̀dù, CR2032, ló ti gbẹ. Mo ra tuntun lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù aago tó wà nísàlẹ̀, mo fi sí i, mo tún ọjọ́ ṣe nínú BIOS. Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìdajì wọn jẹ́ ti oníbàárà tó ń béèrè pé kí ló dé tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan.