Ogun Dàhómì jà ní ẹnubodè wa, àmọ́ Ìbàdàn ni mo ti rí ìwé rẹ̀ kà

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní fi pamọ́. Ogun tí mo fi ṣe próójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi, apá Aro ní Abẹ́òkúta níbí ló ti le jù lọ, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà kọjá láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn bàbá ńlá wa ló jà á. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ọmọ Abẹ́òkúta ló kọ ọ́. Síbẹ̀, kí n tó rí ojú ewé mélòó kan kà nípa ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ogun yẹn, owó tí mo ná sórí ọkọ̀, fọ́tókọ́pì àti lẹ́tà ju iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti tẹ odindi iṣẹ́ náà kí wọ́n sì dì í. Ta ló yẹ kó rí ìwé ogun Abẹ́òkúta kà bí kò ṣe ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta?

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851 ni mò ń sọ. Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ, ìlú kò tíì dàgbà rárá nígbà tí Ọba Ghezo ti Dàhómì, ìjọba tó wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin Republic lónìí, kó ogun dé, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ̀gbá ti ṣẹ́gun rẹ̀ nítòsí Adó ní 1844, ó sì ti ń wá ọ̀nà láti gbẹ̀san láti ìgbà náà. Iye tí wọ́n sábà máa ń kọ ni pé ọmọ ogun rẹ̀ tó 16,000, pé 6,000 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Wọ́n dé odi, wọn ò wọ̀lú. Mo fẹ́ mọ ohun tó fà á tí wọn ò fi wọ̀lú. Ìbéèrè próójẹ́ẹ̀tì mi kò ju ìyẹn lọ.

Bí mo ṣe gba àkòrí, bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i, bí a ṣe ń kọ orí kìíní, gbogbo ẹni tó ti ṣe próójẹ́ẹ̀tì rí ló mọ ìyẹn. Ìwé ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi sọ pé kí n má tíì gbé bírò, kí n kọ́kọ́ ka ìwé tí Saburi Bíòbákú kọ nípa Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn láti 1842 dé 1872. Ọdún 1957 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sí ilé ìkàwé kan nígboro, mo fa àpótí káàdì lẹ́tà B síta, mo sì rí i: káàdì tó ti pọ́n bíi ewé gbígbẹ, tí wọ́n fi tápíráítà tẹ̀, tí ẹnìkan fi pẹ́ńsù pupa kọ R sí lórí. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo lọ sídìí ṣẹ́ẹ̀fù, kò sí níbẹ̀.

Ìyá tó jókòó sídìí tábìlì wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “R nìyẹn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, a kì í kó tibẹ̀ síta. Lẹ́tà ẹ dà?”

Lẹ́tà wo? Lẹ́tà láti ilé ìwé mi, tí olórí ẹ̀ka máa fọwọ́ sí, tí wọ́n máa lu sítáǹbù. Mo ní káàdì akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, orúkọ mi àti àwòrán mi wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kò kan ìyẹn. Ó dáa, mo padà sílé ìwé. Olórí ẹ̀ka wà ní mítíìn. Ọjọ́ kejì, ó ti rìnrìn àjò. Nígbà tó dé tó fọwọ́ sí i, ẹni tí sítáǹbù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ti ọ́fíìsì pa, ó ti lọ síbi ìsìnkú. Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kà o, lórí ìjókòó, lójú àwọn tó ni ín, mi ò sọ pé mo fẹ́ gbé e lọ sílé.

Mo gbé lẹ́tà náà dé ilé ìkàwé. Ìyá yẹn kà á, ó dá a padà fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sí “ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn”, ó sì ní ọ̀gá àwọn lòun fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ ìwé náà nínú rẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò sọ ìyẹn fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Tí wọ́n bá kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sórí bébà kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí káàdì, gbogbo wàhálà yìí kò ní wáyé. Mo tún padà. Mo tún tẹ òmíràn ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Pánṣẹ́kẹ́, mo tún dúró de ìbuwọ́lù àti sítáǹbù, mo tún wọ ọkọ̀.

Lẹ́tà kejì pé. Wọ́n gbà á, wọ́n fi sínú fáìlì. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ fún mi pé ọkùnrin tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ lívù, pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ló wà.

Mo bẹ̀ wọ́n. “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè pè é pé kó fi ránṣẹ́ sí yín?”

“Ọmọ mi, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ṣe é fún ẹ. Tí nǹkan bá sọnù níbẹ̀, èmi ni wọ́n máa mú.”

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ, n kò sì bínú sí i títí di òní. Àwọn tó ṣètò pé kí kọ́kọ́rọ́ ìwé ìtàn ìlú wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni mò ń bínú sí. Tí ọkùnrin yẹn bá ṣàìsàn ńkọ́? Tó bá fẹ̀yìn tì ńkọ́?

Ó dé láti lívù, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Òórùn káńfọ̀ sọ lù wá. Ó nu eruku orí ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì jókòó tì mí. Mo wo atọ́ka lẹ́yìn ìwé, mo wá ibi tí wọ́n kọ Dàhómì sí, mo ṣí i. Nọ́ńbà ojú ewé fò. Mo rò pé ewé méjì ló lẹ̀ mọ́ra, mo fi èékánná yà á. Kò lẹ̀ mọ́ra. Etí ewé tín-ínrín ló kù lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti rán an, ó gún gbọnrangandan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bíléèdì ni wọ́n fi gé e. Ibi tí ogun 1851 wà gan-an ni ẹnìkan gé lọ.

Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ojú tì í, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló gé e. Ẹni tó gé e, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ni, ó dá mi lójú, torí kò sí ẹlòmíràn tó máa nílò ojú ewé yẹn. Ó lè dà á kọ. Ó lè san owó fọ́tókọ́pì. Ó yàn láti kó o lọ, kí gbogbo wa tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ má rí nǹkan kan kà. Bóyá ewé yẹn ti di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà báyìí.

Mo lọ sí Ìbàdàn. Láti gáréèjì Kútọ̀, kò sí ìtàn nínú ìrìn àjò yẹn. Ní ilé ìkàwé Kenneth Dike nínú Yunifásítì Ìbàdàn, mo rí ìwé Bíòbákú, ó pé, mo sì ṣe fọ́tókọ́pì ohun tí mo fẹ́. Ilé ìpamọ́ àwọn ìwé ìjọba, National Archives, wà nínú ọgbà kan náà, ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) sì wà lára ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, ẹ fi bírò sílẹ̀ nínú báàgì. Ẹ gbé lẹ́tà dání pẹ̀lú. Àmọ́ níbẹ̀, ẹni tó ń dá àlejò lóhùn sọ gbogbo ohun tí mo nílò fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo ṣe é, wọ́n sì gbé fáìlì fún mi.

Ohun tó mú orí mi wú jù, inú fóònù mi ni mo ti rí i. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, T. J. Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, wà ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí ogun dé. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1857, ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ sì ti parí tipẹ́, ọ̀fẹ́ ló wà lórí archive.org. Mo fi data òru gbé e sórí fóònù, mo sì kà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Kó tó di oníwàásù, Bowen ti jagun rí nílẹ̀ wọn, nítorí náà ojú jagunjagun ló fi ń wo odi àti bí àwọn ènìyàn ṣe tò sórí rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther náà wà nílùú, òun náà sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rí ẹni méjì tó wà níbẹ̀, èmi ọmọ Kútọ̀ ló tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọ̀nà tí a ń gbà wá ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì o. Tí ẹ bá tẹ orúkọ ìlú wa bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí, ìdajì ìwé ayé ìgbà yẹn kò ní jáde. Ẹ tẹ “Abbeokuta”, pẹ̀lú b méjì. Ẹ tẹ “Dahomi” àti “Dahome”. Ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ mí wá.

Nǹkan tí mo rí nìyí. Àwọn ará Ìṣàgá, ìlú kan nítòsí Abẹ́òkúta, ni Dàhómì gbà bí ọ̀rẹ́, wọ́n sì bá a mulẹ̀. Àwọn ló gbà á níyànjú pé kó má kọlu ìlú lóru, kó dé lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì darí rẹ̀ sí apá ibi tí àwọn Ẹ̀gbá ti tún odi ṣe. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn. Ìlú ti ń retí rẹ̀ pẹ̀lú, torí Beecroft, kọ́ńsù (aṣojú) ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti wá sí Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún náà, ìkìlọ̀ sì ti dé etí àwọn olóyè. Wọ́n tún kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá mú ọ̀kan lára àwọn ajagun tó ń gun odi, tí wọ́n rí i pé obìnrin ni, inú bí wọn débi pé ìjà gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣàgá san gbèsè ọgbọ́n tó dá: ní 1862, Dàhómì padà wá, ó sì run ìlú náà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi nípa ti Ìṣàgá nílé ìwé rí, ìyẹn sì dùn mí, torí àwọn náà kú sí ọ̀rọ̀ yìí.

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé kí n lọ wo Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, tí Henry Townsend dá sílẹ̀ níbí ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ kan pàápàá sọ ọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1867. Báwo ló ṣe máa ròyìn ogun 1851 bí ìṣẹ̀lẹ̀ àná? Ẹni tó ń kọ̀wé nípa ìkọlù kejì, èyí tí Glele ọmọ Ghezo gbé wá ní oṣù kẹta ọdún 1864, òun ni kó lọ wá a.

Ogun méjèèjì yìí ni àwọn àgbà máa ń pò pọ̀. Bàbá kan ní Aro sọ fún mi, pẹ̀lú oríkì tó dùn, bí Ẹfúnróyè Tinúbú ṣe pín ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun nígbà tí Ghezo dé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ 1856 ni wọ́n lé Tinúbú kúrò ní Èkó tó fi padà sí Abẹ́òkúta. Ogun 1864 ló ti ṣe gudugudu méje, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe irọ́, ọdún rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ìwé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi ọdún tò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, kó gba lẹ́tà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lu sítáǹbù sí gbogbo wọn, kó sì béèrè orúkọ oyè ẹni tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Kó pe ilé ìkàwé kó tó wọ ọkọ̀, kó bi wọ́n ní tààràtà pé: ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó wà níbi iṣẹ́ lónìí? Kó ka ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tán kó tó ná kọ́bọ̀ kan.

Lẹ́yìn tí mo dé láti Ìbàdàn, mo ṣe ẹ̀dà mìíràn lára fọ́tókọ́pì àwọn ojú ewé tí wọ́n gé, mo sì gbé e lọ fún ìyá yẹn nílé ìkàwé. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi pín-ìn-nì dè wọ́n, ó fi wọ́n sínú fáìlì aláwọ̀ ewé nínú dúróà tábìlì rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì inú àpótí pé ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á kò nílò kọ́bọ́ọ̀dù mọ́, kó ṣáà béèrè fún fáìlì náà. Ó ṣèlérí fún mi pé òun kò ní béèrè lẹ́tà.