Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Tí Firefox Fi Ń Dákú Nígbà Tí A Bá Ń Pa Á Dé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìdákú bùráúsà sí bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń pa á dé ló ṣẹlẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ wọn ti parí. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Firefox ń parí kíkọ àwọn ojú-ewé tí a ṣí àti àwọn ibi tí a ti lọ sínú profáìlì wa (fódà tó ń kó àwọn nǹkan wa pamọ́ sí), tó sì ń pa kúkì (ìsọfúnni kékeré tí àwọn ìkànnì máa ń fi sílẹ̀ sínú bùráúsà) rẹ́ bí a bá ti ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá há síbì kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 60, Firefox yóò fipá pa ara rẹ̀, àpótí tó ń ròyìn ìdákú yóò sì yọ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti kúrò nílẹ̀ lóòótọ́. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager lè ṣí. Bí Firefox bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ yàn án, kí ẹ sì tẹ End task.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Firefox padà, ẹ lọ sí Help nínú mẹ́nù, kí ẹ sì yan Troubleshoot Mode, èyí tó máa ń dá gbogbo extension (àwọn àfikún tí a fi sínú Firefox) dúró fúngbà díẹ̀. Ẹ lò ó bí ẹ ṣe máa ń lò ó kí ẹ tó pa á dé, torí pé bùráúsà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí a kò fi ṣe nǹkan kan, lè tètè tì láìsí wàhálà, kó sì tàn wá jẹ. Bó bá tì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé extension kan ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ padà sí ipò tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ pa ìdajì àwọn extension yín, kí ẹ sì tún un dán wò. Ìdajì tí ìdákú bá wà ni ẹ óò tún pín sí méjì, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Bí kì í bá ṣe wọ́n, ẹ pa hardware acceleration (lílo káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà láti mú iṣẹ́ yá) nínú Settings, nítorí pé Troubleshoot Mode máa ń pa òun náà.

Bó bá sì dákú nínú Troubleshoot Mode náà ńkọ́? Ẹ kọ about:profiles síbi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí, kí ẹ dá profáìlì tuntun. Èyí kò ní pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí tuntun bá ń tì dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fáìlì kan ló ti bàjẹ́ nínú ti àtijọ́. Ẹ lọ sí about:support, ẹ wá Places Database (ibi tí bookmark àti àwọn ibi tí a ti lọ wà), kí ẹ tẹ Verify Integrity. Bí ìyẹn kò bá ràn án, ẹ tẹ Refresh Firefox lójú-ewé kan náà: yóò yọ àwọn extension, ṣùgbọ́n yóò fi bookmark àti ọ̀rọ̀ìpamọ́ yín sílẹ̀.

N kò gbà yín níyànjú láti kọ́kọ́ yọ Firefox kúrò kí ẹ tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé profáìlì sábà máa ń dúró síbi tó wà, àléébù inú rẹ̀ yóò sì tún bá yín pàdé. Bí profáìlì tuntun náà bá ń dákú, ẹ wo about:third-party lórí Windows, níbi tí ẹ ó ti rí àwọn ètò mìíràn, irú bí antivirus, tó ti wọnú Firefox. Ẹ sọ wọ́n di tuntun, tàbí kí ẹ dá wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan.