Àgbò tuntun ni wọ́n ní kí n rà, oúnjẹ ni àwọn abo mi ń wá

Owó àgbò yẹn ṣì ń dùn mí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan nínú abo àgùntàn mi kò lóyún rárá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ni àwọn tó lóyún ń bí. Ní Ìgbò-Ọrà tiwa níbí o, níbi tí ìbejì ti kún ojú títì, tí àwọn àgbà ń ní ọbẹ̀ ìlasà ló ń fà á! Ẹlẹ́ran tí mo pè wá wò wọ́n kò tiẹ̀ súnmọ́ ẹran. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹpọ̀n àgbò mi ti rọ, kí n ra òmíràn. Iléyá ti sún mọ́lé nígbà yẹn, ẹ mọ iye tí àgbò máa ń jẹ́. Mo rà á. Ó gun àwọn abo. Kó tó pé ọjọ́ 17, àwọn kan tún ti ń wá akọ, ìyẹn ni pé oyún kò dúró.

Àbúrò mi kan tó kọ́ iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn ló là mí lójú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé àgbò. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn àwọn abo yín.” Ẹ gbé àtàǹpàkò sí ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí egungun ìhà tó kẹ́yìn parí sí. Bí egungun bá gún yín lọ́wọ́ ṣóńṣó, tí ìka sì wọ abẹ́ egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹran yẹn rù. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ gan-an kí ẹ tó bá egungun, ó ti sanra jù. Láti 1 (ó rù jù) dé 5 (ó sanra jù) ni wọ́n ń fún un ní máàkì, 2.5 sí 3 ló dáa lọ́jọ́ tí akọ máa wọlé. Ẹ má wo ikùn o, koríko ló kún ibẹ̀. Àwọn abo mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú, egungun lásán ni wọ́n.

Abo tó rù, tí wọ́n wá ń bọ́ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbò tó dé, ẹyin tó máa sọ̀ sílẹ̀ lè ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó ti sanra tẹ́lẹ̀ kò ní rí àǹfààní kankan níbẹ̀, owó yín lẹ ń fi ṣòfò. Mo ya àwọn tó rù sọ́tọ̀. Oògùn aràn, ẹ ti mọ ìyẹn. Èèpo ẹ̀gẹ́ kò gbà mí lówó, àwọn ìyá onígàrí ní kí n máa kó o, mo ń sá a sórí àpáta títí tó fi gbẹ kangbẹ, nítorí tútù rẹ̀ ní májèlé. Ṣùgbọ́n èèpo nìkan kò lè mú ara wá.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo nílò PKC, ìyẹn ekùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀ tán. Ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ ẹran gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà wá lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Nígbà tí àpò dé, àwọn ẹran gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yíjú. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ omi tó mọ́, mo rò ó, mo jẹ́ kó silẹ̀. Iyanrìn ló jókòó sísàlẹ̀, tòun ti èésán èèpo ekùrọ́! Iyanrìn tí mo fowó rà!

Mo gbé abọ́ náà lọ bá a. Ó ní, “Dádì, bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn.” Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní òun ti ná an, kí n gba oúnjẹ adìyẹ rọ́pò, pé oúnjẹ ni oúnjẹ. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀! Kọ́pà, ìyẹn èròjà bàbà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ lè pa àgùntàn. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó jọ sí díẹ̀díẹ̀, ẹ kò ní mọ̀, lọ́jọ́ kan ojú ẹran á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ó kú nìyẹn. Bí mo bá gbà fún un ńkọ́?

Gbogbo àkókò yẹn, Nòfẹ́ńbà tí mo fẹ́ kí akọ gùn wọ́n ń lọ. Mo fi ọkùnrin náà sílẹ̀, mo lọ gé ewé àgúnmánìyẹ̀ lára ọgbà kó tó wọ́wé, mo sì ń gba èèpo ẹ̀wà lọ́wọ́ alákàrà. Wọ́n kọ ewé náà lákọ̀ọ́kọ́, òórùn rẹ̀ ni. Mo jẹ́ kó rọ di ọjọ́ kejì, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń fi kún èèpo, kí ikùn má baà wú.

Àgbò tuntun ńkọ́? Wọ́n ti bọ́ ọ sanra jù fún Iléyá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè gun nǹkan mọ́. Àgbò àtijọ́ tí wọ́n ní ẹpọ̀n rẹ̀ ti rọ ló ṣiṣẹ́ náà! Mo ti ń fi èèpo ẹ̀wà kún tirẹ̀ ṣáájú, torí àtọ̀ àgbò ń gba bíi ọ̀sẹ̀ 7 kó tó pọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú akọ, oṣù méjì ṣáájú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí akọ ti gùn wọ́n tán, n kò dín oúnjẹ kù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ọlẹ̀ kì í tètè rọ̀ mọ́ ilé ọmọ. Oyún àgùntàn tó bí oṣù márùn-ún, nítorí náà Épírílì ni wọ́n bí, tí koríko tuntun ti yọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó rù yẹn bí méjìméjì. Àwọn tó sanra bí ẹyọ kan, bí mo ṣe retí.

Wàrà ìyá ìbejì kò kúkú tó. Mo tún ń wá ẹni tó ń ta PKC gidi, abọ́ omi sì wà nínú ọkọ̀ mi.